Ta Ni Ọmọ Rẹ́mọ?



Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ kan ní Ṣàgámù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú fọ́ọ̀mù kan tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìlú bàbá mi. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?" Mo mọ ọmọ náà láti kékeré. Kánò ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ra obì gbànja ní ìgbà tí gbogbo Òkè Ọya ń wá obì ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ó rí ọjà, ó rí ilé, ó sì dúró. Sábó ni wọ́n bí bàbá ọmọ náà sí, Sábó náà ni wọ́n bí òun sí. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe agbolé kan ní Mákùn ni ó ti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ tí ó ń sọ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sí Èkó lọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ́fíìsì tí ó lọ, wọn kò bú u, wọn kò sì lé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: nínú ìlú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ń bẹ ní Rẹ́mọ, èwo ni ti bàbá ńlá rẹ̀?

Mo jókòó tì í, mo wo fọ́ọ̀mù náà títí, n kò rí ohun tí mo lè ní kí ó kọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti fi ọkàn mi sílẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí àwa tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè bi ara wa wò.

Ìtàn fi yé wa pé ọdún 1872 ni Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá kò jẹ́ kí ìlú kéékèèké fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ìlú mẹ́tàlá ni ó kó ara wọn jọ sí ojú kan kí apá ọ̀tá má baà ká wọn: Ọ̀fìn, Mákùn, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́, Ìbìdó, Ìgbẹpa, Adó, Ọ̀kọ̀, Ìpojì, Bàtórò, Ìjòkú, Latawa àti Ìjagbà. Olúkúlùkù ti ibùdó rẹ̀ àtijọ́ wá pẹ̀lú olórí tirẹ̀ àti Òṣùgbó tirẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ tí odò Ìbú ń ṣàn gbà kọjá ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, tí a sì bi í pé ta ni àlejò, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni yóò kà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ru ẹrù wọ Ṣàgámù ní 1872 àti ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ru àpò obì wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ ọdún díẹ̀ ni. A sì mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ilé àsè kì í ṣe ẹni tí ó se oúnjẹ.

Orúkọ tí a ń jẹ́ pàápàá jẹ́ ẹ̀rí pé a ti ibòmíràn wá. Àwọn àgbà wa sọ pé Ìrẹ́mọ, àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ni Akárìgbò àkọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jáde, àti pé ibẹ̀ ni a ti rí Rẹ́mọ. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ní tiwọn sọ pé Ajẹbú àti Olóde ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ ìlú. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àṣẹ dé, ìtàn orúkọ di ìwé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ó ti rí. Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní 1894, Akárìgbò Oyèbájò bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn, Rẹ́mọ sì bọ́ sí abẹ́ ààbò wọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí a da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, wọ́n fi Rẹ́mọ sí abẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ sì di ọ̀gá lórí ọba tí ó ti gbà pé òun dá dúró. Akárìgbò William Adédoyin, tí ó gun orí oyè ní 1916, àti àwọn ọ̀mọ̀wé Rẹ́mọ kò gbà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ, ìwé ẹ̀sùn bọ̀, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ ní 1937 lábẹ́ adájọ́ Martindale. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò ju pé: ṣé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Rẹ́mọ, tàbí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí ó dá wá ní ọ̀nà tirẹ̀? Òyìnbó jókòó sórí àga, ó ń gbọ́ ìrandíran àwọn ọba tí wọ́n ti wà kí a tó bí bàbá bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ iye owó orí. Nígbà tí yóò fi di 1938, Rẹ́mọ ti gba òmìnira, Akárìgbò sì di aláṣẹ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará Rẹ́mọ kò ti fẹ́ kí a pe wọn ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ mọ́.

Inú mi dùn sí òmìnira náà. Ọmọ Rẹ́mọ ni èmi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ̀. Bí Ọ̀fìn ti bọ́ lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú-Òde tán, kò pẹ́ tí àwọn ìlú Rẹ́mọ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ni ó dé tí àwọn kò ní bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀fìn. Àwọn náà ní ìtàn ti wọn, àwọn náà ní ọ̀nà tí wọ́n gbà dé láti Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ìrandíran gba ilé ẹjọ́ lónìí ti kọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní bí yóò ti ṣe é lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí ààfin. Ní 1941, ìjókòó kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó nígbà tí Dókítà Kofo Abayomi fi í sílẹ̀, àwọn méjì nínú Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà sì ń fẹ́ ẹ: Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ́, àti Samuel Akinsanya, ọmọ Ìṣarà ní Rẹ́mọ níhìn-ín. Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Azikiwe bínú, ó ní nítorí pé Akinsanya jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó sì dúró gbọn-in lẹ́yìn Ikoli ni Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí Ìṣarà kò jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀. Azikiwe àti Akinsanya jáde kúrò, ẹgbẹ́ náà kò sì gbérí mọ́. Ní ọdún kan náà ni Akinsanya di Ọdẹ́mọ Ìṣarà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní 1945, Awolowo kan náà tí kò dìbò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, ó fi orúkọ bàbá ńlá kan pe gbogbo Yorùbá jọ. Àwọn kan ń yin ìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan ń yin èkejì. Èmi gbà pé àkọ́kọ́ ni ó ṣòro jù láti ṣe.

Bí ẹ bá rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pinnu ìwé ẹ̀rí, ẹ wo Ìkòròdú. Ìtàn wọn sọ pé ọmọ Akárìgbò ni ó ti Rẹ́mọ jáde lọ tẹ̀ ẹ́ dó, ní oko odù, tí ó fi di Ìkòròdú. Ní 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, inú rẹ̀ ni Ìkòròdú bọ́ sí; Ṣàgámù wà ní Ìwọ̀-Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Ọmọ Akárìgbò tí ó wà lápá ọ̀hún ń gba ìwé ẹ̀rí ọmọ Èkó, èyí tí ó wà lápá ìhín ń gba ti Ògùn, kò sì sí ẹni tí yóò gba ti èkejì. Ìlà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fà lórí tákàdá ni ó borí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kí ló dé tí ìlà kan náà kò lè mú ọmọ Sábó wọlé?

Àní orúkọ Yorùbá tí gbogbo wa ń gbé sára, ẹ mọ ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i nínú ìwé? Lọ́wọ́ Ahmad Baba, onímọ̀ Mùsùlùmí ti Timbuktu, ni. Ní 1615 ó kọ ìwé kan tí ó ń jẹ́ Mi'raj al-Su'ud láti dáhùn ìbéèrè nípa ẹni tí ó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ láti kó lẹ́rú, ó sì ka Yorùbá mọ́ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Orúkọ tí ará òkèèrè ń pe Ọ̀yọ́ ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn míṣọ́nnárì tó fi í pe gbogbo wa, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a gbà lóko ẹrú ní Sàró. Bí a bá sọ fún ará Rẹ́mọ ìgbà Oyèbájò pé Yorùbá ni, ó ṣeé ṣe kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ẹlòmíràn ni à ń bá wí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé àwa Mùsùlùmí kò sí nínú ìjà ìdílé. Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, kọ ọ́ sínú Infaq al-Maysur ní 1812 pé ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ẹ̀yà Nímúródù, ni Yorùbá. Samuel Johnson, tí í ṣe àlùfáà ìjọ Kírísítì, gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ pé Lámúrúdu ọba Mẹ́kà ni bàbá Odùduwà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé Lárúbáwá ni wá. Ìjẹ̀bú náà ní Waddai ní ilẹ̀ Sudan tiwọn. Mo ti gbọ́ kí àáfà wa kan dìde nínú wàásù kí ó máa fi Lámúrúdu yangàn, bí ẹni pé kí á jẹ́ ará Mẹ́kà ṣáájú Ànábì yóò fi kún iṣẹ́ rere wa. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: ìtàn Mẹ́kà tí a mọ̀ kò ní ọba kankan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń wá bàbá ńlá sí ilẹ̀ Lárúbáwá kò tíì ní ìgbàgbọ́ pé bàbá tí ó bí òun tó òun.

Àwọn ará Sòmálíà mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ, ẹ̀kọ́ wọn sì korò. Ẹ̀sìn kan ni wọ́n ń ṣe, èdè kan ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Bí a bá ní kí á wá orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí kò yẹ kí ìyapa wọ̀, òun ni a bá mú. Ṣùgbọ́n ọmọdé wọn a máa há orúkọ bàbá, bàbá bàbá, títí lọ sókè, sórí. Samaale ni wọ́n ní ó bí wọn, ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti rí orúkọ Sòmálí. Àwọn mìíràn ní rárá, "lọ fún wàrà" ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè wọn. Ìran Darod ní ọmọ Abdirahman al-Jabarti láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni àwọn, ìran Isaaq ní ọmọ Sheikh Ishaaq. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò rí ẹsẹ̀ ìtàn wọ̀nyí mú, àmọ́ èyí kò ní kí ẹni tí ó di ìbọn mú má gbà á gbọ́. Nígbà tí ìjọba Siad Barre wó lulẹ̀ ní 1991, ìrandíran ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò kọjá lójú ọ̀nà àti ẹni tí yóò kú síbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi arìnrìn-àjò kò yàtọ̀ sí èyí tí a bi ọmọ Sábó: ta ni bàbá ńlá rẹ?

Ní ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Arta ní Djibouti ní 2000, wọ́n pín ipò ìjọba sí mẹ́rin àti ààbọ̀: ipò kan kan fún ìran Darod, Hawiye, Dir àti Digil-Mirifle, ààbọ̀ yòókù fún gbogbo àwọn tí kò bọ́ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ààbọ̀ yẹn ni wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ etí odò Juba sí, tí a fi agbára kó bàbá wọn wá láti Mòsáńbíìkì àti Tàǹsáníà. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ro ilẹ̀ náà, ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣì ń kà wọ́n sí. Inú ibi tí ó ṣe mí ní kàyéfì jù lọ nìyẹn. Ìwà tí a fi ń ṣèdájọ́ àwọn kèfèrí ayé àtijọ́ ni a tún fi òǹtẹ̀ lù.

Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni Oromo wà ní Ẹtiópíà, àwọn tí ẹlòmíràn ń pè ní Galla fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀gàn náà, bí àwa náà ti kọ Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ. Òfin ilẹ̀ Ẹtiópíà ti 1995 pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ibo ni Oromo parí sí, ibo ni Sòmálí ti bẹ̀rẹ̀? Ní 2004 wọ́n dìbò láti pinnu rẹ̀ ní àdúgbò tí ó lé ní irínwó. Àwọn Garre ń bẹ níbẹ̀ tí àwọn kan nínú wọn ń sọ èdè Oromo, tí àwọn kan ń sọ èdè Sòmálí, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. A ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Ìdìbò náà kò parí ìjà. Ní 2017 ogun bẹ́ sílẹ̀ lórí ààlà kan náà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì sá kúrò nílé, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí láti ìhà méjèèjì. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Hábáṣà yìí ni àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn ará ilé wọn ní Mẹ́kà ń pọ́n wọn lójú, tí ọba ibẹ̀ kò sì béèrè ìran tí wọ́n ti wá kí ó tó fún wọn ní ibi ìsádi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Sòmálíà jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 1999, ní Ṣàgámù wa níhìn-ín, nígbà orò, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan, wọ́n ní ó jáde ní àkókò tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrín Sábó àti ìlú, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Kí oṣù náà tó parí, ìròyìn ti dé Kánò, wọ́n sì gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀, tí wọn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ń kọjú sí Kíbílà kan náà. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí ó béèrè ìrun tí ènìyàn ń kí. Ojú ni wọ́n ń wò, ilà ni wọ́n ń wò, ahọ́n ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Lára wa ni wọ́n fi ọmọ Haúsá pa mọ́ sínú yàrá, kí Ọlọ́hun san wọ́n lẹ́san. Lára wa ni kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Suratul Hujurat, áyà kẹtàlá, ti sọ ìdí tí Ọlọ́hun fi dá wa ní ẹ̀yà àti ìran: kí á lè dá ara wa mọ̀. Kò kọ ìran. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé oríkì ilé rẹ̀ tàbí kí ó má mọ ibi tí Ọ̀fìn ti wá. Ìran dára fún kíki ènìyàn. Ìgbà tí Muhájírù kan àti Ánsárù kan ń jà, tí olúkúlùkù pe àwọn ará rẹ̀, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pe igbe náà ní igbe àìmọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn. Ẹ sì wò ó o: Muhájírù àti Ánsárù jẹ́ orúkọ tí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fún wọn. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá lè rùn, kí ni ti Mákùn àti Ọ̀fìn, kí ni ti Sábó?

Àwọn kan yóò sọ pé òfin ni ó so ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 318, sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ àwùjọ tí ó jẹ́ ìbílẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kan ni ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Abala 147 sì lo ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ nígbà tí ó ń sọ nípa yíyan mínísítà. Ṣùgbọ́n abala 42 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tí ó ti wá. Òfin kan náà ni ó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni tí ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ó ti túmọ̀ ohun tí àwùjọ ìbílẹ̀ jẹ́, tàbí iye ọdún tí àwùjọ kan yóò lò kí ó tó di ìbílẹ̀. Sábó ti di ìran mẹ́ta ní Ṣàgámù. Bí a bá ti ń sin bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sí ilẹ̀ kan, kí ni ó tún kù kí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ náà?

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ kò ṣòro. Kí a fi ibi tí a bí ènìyàn sí àti iye ọdún tí ó ti ń gbé ibẹ̀ rọ́pò orúkọ ìlú bàbá ńlá lórí fọ́ọ̀mù. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kí Àbújá tó tún òfin ṣe. Àwọn ọba wa lè gba àwọn olórí Sábó sínú ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú ohùn tí ó pé, kì í ṣe láti wá kí wọn ní ọjọ́ ọdún nìkan. Àwọn tí yóò kọ̀ yóò sọ pé àlejò yóò gba ipò lọ́wọ́ ọmọ onílé. Ó lè gba díẹ̀. Ọmọ wa náà ń gbé Kánò, ó ń gbé Jọ́ọ̀sì, ó ń gbé Kàdúná, ó sì ń béèrè irú ẹ̀tọ́ yìí lọ́hùn-ún. A kò lè máa bèèrè rẹ̀ lọ́hùn-ún kí á máa fi í dù wọ́n níhìn-ín. Kí àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yìí sì kọ́kọ́ tún ti wa ṣe: nígbà tí a ń yan alága ní ẹ̀ka kan, mo fi etí mi gbọ́ tí a ní ipò náà kàn Mákùn, pé Ọ̀fìn ti jẹ ẹ́ rí. Ọmọ Sábó tí ó mọ Àlùkùránì jù wá lọ jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀, òun náà kò sì sọ ohun kan.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ yẹn, ó sì fi pẹ́ńsù kọ "Ṣàgámù" sí àyè náà, ó ní bí wọn kò bá gbà á, yóò rọrùn láti pa rẹ́. Wọn kò gbà á. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ń wá owó ọkọ̀ Kánò, láti lọ bẹ ẹnìkan kí ó bá òun tọwọ́ bọ̀wé ní àdúgbò tí òun kò tíì dé rí, tí òun kò sì mọ orúkọ rẹ̀ dájú.